Wọ́n Fẹ́ràn Orin

Ọkùnrin tí dókítà eyín kọ́kọ́ rí nínú ṣọ́ọ̀bù náà dojú bolẹ̀ gbalaja, ó fi etí lẹ mọ́ sípíkà ńlá kan, ó sì di ojú pinpin. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wọlé. Nígbà tó gbúròó bàtà, ó na ọwọ́ kan sókè láìlajú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Sípíkà yìí. Nǹkan kan ń hanrun nínú ẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu dókítà kó tó mọ̀. Ọkùnrin náà lajú, ó rí obìnrin tó dúró lé e lórí, ó sì dìde fùú. Eruku kún àyà ẹ̀wù rẹ̀, etí rẹ̀ kan sì ti pọ́n níbi tó ti ń fi tẹ sípíkà. Rọra ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé oníbàárà kan ò lè fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ń yí láti gbé ohùn sókè kó má pariwo pé, "Ẹ rọra! Ẹ rọra!"

"Rìsífà ni mo wá rà," dókítà ní. "Èyí tó ń pín ohùn fún àwọn sípíkà wa nílé ti dákẹ́."

"Ẹ̀yà! Sinimá lẹ fi ń wò ni, àbí orin lẹ fi ń gbọ́?"

"Méjèèjì. Wọ́n fẹ́ràn orin. Àmọ́ tó bá di ti sinimá, wọ́n fẹ́ kí ìbọn dún lẹ́yìn àwọn, kí òjò rọ̀ lé àwọn lórí. Wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ sí i."

"Wọ́n mọ ohun tó dáa," Rọra dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó má di àlọ́: bàbá dókítà ni "wọ́n" tó ń wí yìí. Bàbá náà ti kú lọ́dún tó kọjá, àmọ́ ẹnu ọmọ rẹ̀ ò tíì gbé ọ̀rọ̀ náà. Kò pè é ní olóògbé rí, kò sọ "nígbà ayé wọn" rí. Èdè wa náà sì gbè é lẹ́yìn. Béèyàn bá ní "wọ́n fẹ́ràn orin", ta ló mọ̀ bóyá lónìí ni àbí nígbà kan? Ta ló mọ̀ bóyá bàbá ni, bóyá ọkọ ni, bóyá agbo èèyàn kan ni? Abẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni dókítà sá pamọ́ sí.

Ẹ sì wo irú iṣẹ́ tó ń ṣe ná. Láàárọ̀ ṣúlẹ̀, àwọn èèyàn ń wá la ẹnu sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì séyìí tó lè bá a sọ̀rọ̀ nínú wọn. Tó bá délé, á ṣílẹ̀kùn, á ní, "Mo ti dé o." Ògiri ò ní dáhùn. Á se oúnjẹ ẹnì kan, á tan tẹlifíṣọ̀n, àwọn inú sinimá á máa la ẹnu tiwọn náà láìsí ohùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló lé e wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Sípíkà mélòó ló wà nílẹ̀?" Rọra béèrè.

"Márùn-ún, àti wúfà, èyí tó máa ń dún gbì-gbì."

"Wọ́n ti pẹ́?"

"Wọ́n ti pẹ́ gan-an."

"Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lára páálí tàn yín jẹ o. Àwọn sípíkà àtijọ́ máa ń béèrè agbára. Rìsífà tó bá jẹ́ ẹnu nìkan ló ní, á kàn máa làágùn ni, á wá jó. A ò ní fojú yàn án, etí la máa fi yàn án. Ẹ máa bọ̀ ní Sátidé-Sátidé, ká máa gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Rìsífà kan wà tí ọkọ̀ inú sinimá á sáré gba ẹ̀yìn wọn kọjá débi pé dókítà á fẹ́ yẹra, àmọ́ tí orin bá bẹ̀rẹ̀, ó dà bí ẹni pé inú àpò ìrẹsì ni olórin wà. Òmíràn ń kọrin bí ẹyẹ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ. Rọra á ní kó dijú, òun náà á dijú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí lẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ ìka ẹni tó ń ta gìtá. Ó ń fà lórí okùn."

"Háà! Etí yín yìí mú ju abẹ́rẹ́ yín lọ o."

"Ẹ ò tíì mọ abẹ́rẹ́ mi. Ẹ yanu kẹ́ ẹ rí i."

Rọra á fọwọ́ bo ẹnu, á sá lọ sẹ́yìn káńtà. Àgbàlagbà ọkùnrin! Òótọ́ ibẹ̀ ni pé dókítà ti mọ èyí tó fẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Tó bá rà á, kí ló tún máa sọ pé òun ń wá ṣe? Wákàtí Sátidé yẹn nìkan ni ẹnì kan ń bi í pé kí ló gbọ́, tó sì ń dúró gba èsì.

Ìyá Rọra, tó máa ń gba owó nídìí káńtà, ń wò wọ́n. Lọ́jọ́ kan, bí dókítà ṣe jáde báyìí, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ, ta ni 'wọ́n' tí obìnrin yẹn ń wí ṣáá?"

"Àwọn ará ilé ẹ̀ ni, mà."

"Ará ilé kẹ̀! Wọ́n fẹ́ báyìí, wọn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn, wọ́n á bínú. Ọkọ ẹ̀ ni! Ìyàwó oníyàwó lo wá ń bá dijú gbọ́ orin níṣojú mi. Jáwọ́, ọmọ mi. Mi ò bí ẹ kó o máa tú ilé onílé."

Rọra bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà jọ. Kò sì jẹun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí dókítà padà wá, ẹ̀yìn káńtà ló bá Rọra. "Ẹ káàbọ̀, mà," ó ní. Mà! Ọ̀rọ̀ náà tutù bí irin. Ó nawọ́ sí èyí tí dókítà ti yàn lọ́kàn gan-an. "Èyí ló máa bá sípíkà yín mu. Màá wá bá yín tò ó lọ́sàn-án ọ̀la. Ẹ kí wọn nílé."

Dókítà sanwó. Nígbà tó délé, kò sọ pé òun ti dé. Ó jókòó ti páálí náà, ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ṣe. Ṣé òun ti ń yọ ọ́ lẹ́nu jù ni? Ó sunkún, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun ń sunkún nítorí oníṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ kejì, Rọra dé, ó so wáyà láìdápàárá kankan. Níkẹyìn, ó yọ máìkì kékeré kan.

"Rìsífà yìí máa ń gbọ́ yàrá fúnra ẹ̀ ni," ó ní. "Ibi tí orí ẹni tó ń gbọ́ ọ máa wà la máa gbé máìkì yìí sí, á wá fi mọ bó ṣe máa pín ohùn. Ibo ni wọ́n máa ń jókòó?"

Dókítà nawọ́ sí àga ńlá tó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Rọra gbé máìkì síbẹ̀.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn nínú yàrá kí wọ́n má rìn. Ó fẹ́ kí ilé dákẹ́."

"Ilé yìí? Ó ti dákẹ́."

"Wọn ò sí nílé ni? Kò burú. Tí wọ́n bá dé, ẹ sọ fún wọn pé..."

"Wọn ò ní dé."

Ó yíjú sí i. "Wọ́n rìnrìn àjò?"

Dókítà la ẹnu. Nǹkan kan ò jáde. Ó tún un là.

"Wọ́n ti kú," ó ní. "Bàbá mi ti kú."

Ó jókòó sílẹ̀. Rọra náà jókòó sáàárín wáyà.

"Bàbá yín? Bàbá yín ni 'wọ́n' tẹ́ ẹ ń wí?"

"Ta lẹ rò pé ó jẹ́?"

"Ọkọ yín!"

"Ọkọ wo?" Omijé ṣì ń dà, ẹ̀rín sì ti dà pọ̀ mọ́ ọn. "Ẹ gbà mí o! Ìdí tẹ́ ẹ fi ń pè mí ní mà nìyẹn?"

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Mo ní kí n jìnnà sí yín. Kò wù mí rárá, àmọ́ mo ní kí n jìnnà."

"Rìsífà yìí, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé òun ni mo fẹ́."

"Kí lẹ wá ń wá gbọ́ ní gbogbo Sátidé?"

"Ohùn yín."

Rọra gbé wáyà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rọra ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Dókítà mọ̀ pé òun ló sé ẹnu gbogbo ayé, tí kò jẹ́ kí wọ́n kí òun bẹ́ẹ̀. Ó sunkún tẹ́rùn, ẹnì kan sì wà níbẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́?" Rọra béèrè. Kò pè é ní "ẹ̀yin" mọ́. "Ibo ni ìwọ máa ń jókòó?"

"Orí ẹní yẹn, lẹ́bàá fèrèsé."

Ó yọ máìkì kúrò lórí àga, ó gbé e wá sórí ìrọ̀rí gíga kan lórí ẹní, ní ọ̀gangan etí rẹ̀. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún látinú sípíkà kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀rọ̀ fi yọ lójú tẹlifíṣọ̀n.

"Ó ní ká gbé e sí ìjókòó kejì," dókítà kà á.

"Ó máa ń béèrè. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà, a lè ní kó fò ó." Ìka rẹ̀ wà lórí rìmóòtù, kò tẹ̀ ẹ́. "Ṣé kó fò ó?"

Dókítà bọ́ sórí ẹní, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Má jẹ́ kó fò ó. Wá jókòó."

Ó jókòó. Ó sún máìkì síwájú ara rẹ̀, èjìká wọn sì kanra. Ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dún ni fóònù ké. Ìyá Rọra ni.

"Mà? Mo ṣì wà nílé dókítà. Rárá, mà, kì í ṣe ìyàwó oníyàwó, bàbá ẹ̀ tó ti kú ló ń pè ní 'wọ́n'." Ó wo obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ìyàwó tèmi ni, mà, tó bá gbà."

"Mo gbà," dókítà sọ ọ́ sókè, kí ìyá lè gbọ́.

Ìyá pariwo ayọ̀ nínú fóònù débi pé rìsífà ní ariwo ti pọ̀ jù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó kánjú nínú àwọn méjèèjì.