Ìpápánu Tí Wọ́n Kọ "Kò Ní Ṣúgà" Sí Lára

Nígbà yẹn, Àlàájì Mùtàlíbù tó ń rán fìlà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣì wà láyé. Sàkáríyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Ìyá tó bí ìyàwó rẹ̀ náà wà, ojú rẹ̀ nìkan ló ti ń fọ́. Ilé kún. Bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́, Àlàájì á gbé àga rẹ̀ síta, á máa fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán fìlà, á sì máa bá gbogbo ẹni tó ń kọjá ṣàwàdà.

Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí dókítà ti sọ fún un pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Àpìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tó ń rá kòrò. Ó kó ṣúgà kúrò nílé. Ó ń wọn ẹ̀bà fún un. Àràárọ̀ ló ń ka oògùn sí i ní àtẹ́lẹwọ́, tí á dúró tì í títí á fi gbé e mì. Odindi ọdún mẹ́jọ, kò sí egbò lẹ́sẹ̀ Àlàájì, ojú rẹ̀ sì ríran.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, awakọ̀ kan gbé páálí dé láti Iléṣà. Munawwarah ọmọ wọn ló fi rán an. Iléṣà ló lọ́kọ sí. Ọlámijù ọkọ rẹ̀ ń ta aṣọ, Munawwarah náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìpápánu kan tó kọ́ lórí fóònù. Kò dáná sí i rárá. Á rẹ dàbínù sínú omi gbígbóná, á yọ kóró rẹ̀, á gún un kúnná, á da oyin àti ẹ̀pà lílọ̀ sí i, á wá po ọkà òyìnbó tí wọ́n ń pè ní ọ́ọ̀tì àti àgbọn gbígbẹ mọ́ ọn. Á tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ sínú àwo, á gbé e sí fíríìjì. Tó bá le, á gé e gbọọrọ gbọọrọ, á dì í sí ọ̀rá. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, ó sì dùn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ le, tó bá jẹ ẹ́ níwọ̀n. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀rá yẹn ló burú.

Ẹni tó bá a tẹ ìwé náà ló sọ fún un pé bí kò bá dárúkọ ìtọ̀ ṣúgà, ọjà náà kò ní yá. Àwọn méjèèjì kò bi dókítà, wọn kò bi nọ́ọ̀sì. Wọ́n kàn kọ ọ́ gàdàgbà: Kò ní ṣúgà. Oyin àti dàbínù nìkan. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè jẹ ẹ́ bó ṣe wù ú.

Àpìkẹ́ kò mọ̀wé, Àlàájì ló kà á fún un. Obìnrin náà bù ú jẹ, ó sì yí ojú pa dà.

"Baba Munawwarah, èyí mà dùn jù. Nǹkan tó dùn tó báyìí, ẹ ní kò ní ṣúgà?"

"Oyin ni, Àpìkẹ́. Ṣé ilé-iṣẹ́ ṣúgà ló ń ṣe oyin ni? Oyin wà nínú Kùránì, ìwòsàn ni. Dàbínù la fi ń ṣínu. Àbí o fẹ́ mọ̀ ọ́n ju ọmọ tá a rán níléèwé lọ?"

Ara Àpìkẹ́ kò balẹ̀. Ó pe ọmọ lórí fóònù. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní kí màmá òun má bẹ̀rù, kí bàbá máa jẹ ẹ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Ó ń pín in ní mọ́ṣáláṣí, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ òun ló ṣe é. Kò pẹ́ tó fi ní òun kò lo oògùn mọ́, pé ẹni tó ń jẹ oògùn Ọlọ́run kò tún nílò ti òyìnbó. Àpìkẹ́ bá a jà, ó bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Phebe ra ìdì kan lọ́wọ́ Munawwarah ní Iléṣà. Ó ka ohun tó wà lára ọ̀rá náà, kò sì tú u jẹ.

"Àǹtí, ta ló ní kí ẹ kọ èyí?"

Munawwarah ní àdánidá ṣá ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

"Pé ó jẹ́ àdánidá kò ní kó má jẹ́ ṣúgà. Bí oyin bá ti dénú, ṣúgà ló ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Dàbínù náà ńkọ́? Bákan náà ni. Ẹ ó kàn máa ti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà sí kòtò ni. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan oyin rárá, ẹ kọ ìyẹn síbẹ̀. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò lónìí."

Munawwarah dúpẹ́, ó ní òun á yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣì kún àpótí. Ó ní kí òun lò ó tán ná. Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ó rántí bàbá rẹ̀. Ó gbé fóònù, ó tún gbé e kalẹ̀. Ojú ń tì í láti sọ fún ẹni tó ń fi òun yangàn pé òun ṣì í. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá àwọn ọmọ ilé ni màmá ń pín in fún. Ẹ gbọ́ irọ́ téèyàn ń pa fún ara rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún fi páálí mìíràn ránṣẹ́ sí wọn, ìwé kan náà ló sì wà lára rẹ̀.

Oṣù méjì kọjá. Àlàájì kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́, Àpìkẹ́ ló ń bá a fi òwú bọ̀ ọ́. Ó ń mu omi bí ẹni tí òǹgbẹ fẹ́ pa, ó sì ń tọ̀ léraléra. Abẹ́rẹ́ wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Òórùn ni Àpìkẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí egbò náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu mọ́. Sàkáríyà wá mọ́tò, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga ju ohun tí ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ wọn lè kà lọ. Dókítà Abdulhameed béèrè ohun tó ń jẹ. Àpìkẹ́ tú etí ìró, ó mú ìdì kan jáde. Dókítà kà á, ojú rẹ̀ le.

"Màmá, ta ló ta èyí fún yín? Ọlọ́pàá ló yẹ kó mú irú ẹni bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ wa ni, dókítà."

Dókítà ní kí wọ́n pè é wá.

Munawwarah dé lọ́jọ́ kejì. Bàbá rẹ̀ ti lajú díẹ̀. Kò bá a wí, ó kàn bi í léèrè.

"Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún mi. Ojú ló tì mí."

Àlàájì tún bi í. "Àwọn tó ń jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún ńkọ́, ṣé o ti sọ fún wọn?"

Ó ní òun kò tíì sọ.

"Kí lo wá ń jókòó tì mí fún? Dìde. Lọ kó o pa dà, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ ìdí rẹ̀."

Ó lọ. Ó ń wọ ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn ní Iléṣà, ó ń sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn kan bú u, ó bẹ̀ wọ́n, ó kó ọjà rẹ̀ lọ. Ó dé Ìwárajà, ní oríta, lọ́dọ̀ Bánkẹ́ tó ń ta nǹkan ìpanu fún àwọn arìnrìn-àjò. Bánkẹ́ fi í rẹ́rìn-ín.

"Ọjà tó ń yá lò ń kó nílẹ̀? Pa ẹnu mọ́ jàre, jẹ́ n ta èyí tó kù."

"Bàbá mi ló ń jẹ ẹ́, ọsibítù ló wà báyìí."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Bánkẹ́. Ó ní ìyá òun wà nínú ilé, pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà, pé láàárọ̀ yẹn ni òun fún un ní méjì. Ó fi ọjà sílẹ̀, ó sáré wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìpápánu nílé, ẹ máa ṣe é, iṣẹ́ ọwọ́ dára. Ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ má kọ ọ́. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé ẹ ti ṣì í, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ojú ìbáà tì yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣúgà ni ẹ ka oyin sí, ṣúgà ni ẹ ka dàbínù sí. Ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀ nítorí ohun tí ẹ kà lára ọ̀rá, ìbáà jẹ́ ọmọ yín ló kọ ọ́. Ẹ lọ bi dókítà yín.

Munawwarah ṣì dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù náà ní Ìwárajà nígbà tí Sàkáríyà pè é. Ọjọ́bọ̀ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alàásárì tán. Àlàájì Mùtàlíbù ti kú.