Òkúta Ọ̀run Kì Í Ṣe Oògùn Ibà

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni, nígbà ọyẹ́. Barnabé ń kọ ebè lóko rẹ̀ ní Odomèta, Wùmí, ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sì ń ṣa ẹ̀pà tó ṣẹ́kù sílẹ̀. Wùmí ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ ò gbọ́? Nǹkan kan ń kùn lókè."

Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Kí Barnabé tó gbójú sókè, àrá ti sán, nǹkan sì ti rì sínú ebè. Òkúta dúdú ni wọ́n hú jáde, kò ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ.

Wọ́n gbé e lọ fún Bàbá Kàsúmù, àbúrò bàbá Barnabé, tó jẹ́ olórí ẹbí. Baba yẹ̀ ẹ́ wò títí.

"Àrá tó sán láìsí òjò, edùn àrá ló jù sílẹ̀. Bàbá tó bí bàbá rẹ rí irú ẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí gbogbo ilé máa mu ún fún ọjọ́ méje, àìsàn ò ní wọlé. Ẹni tó bá sì ti mu ún ò gbọdọ̀ kúrò nílé kí ọjọ́ ọ̀hún tó pé."

Barnabé kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ o, ṣùgbọ́n ta ni í bá olórí ẹbí jiyàn? Ó rẹ òkúta sínú ìkòkò.

Lọ́jọ́ kẹta, ara Wùmí gbóná. Marguerite, ìyàwó Barnabé, ti di gèlè rẹ̀ tán.

"Bàbá Wùmí, ẹ jẹ́ ká pe sẹ́mìjáǹ, ká fi alùpùpù rẹ̀ gbé ọmọ yìí lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n á gún un lọ́mọ ìka, wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi mọ̀ bóyá ibà ni."

"Ó ku ọjọ́ mẹ́rin," ni Barnabé wí. "Fún un lómi sí i."

Ọjọ́ mẹ́rin kẹ̀! Ibà wo ló ń dúró de ọjọ́ méje ẹbí ẹnì kan? Lọ́jọ́ karùn-ún, gìrì mú ọmọ, ojú rẹ̀ yí sókè. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Kétu. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ikú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì di pátápátá.

Lóṣù kejì, Cyriaque, olùkọ́ yunifásítì tó ń wádìí òkúta, gbọ́ ìròyìn, ó sì wá. Ó mú òòfà kan jáde, òòfà náà lẹ̀ mọ́ òkúta.

"Ẹ̀gbọ́n, òkúta tó ń rìn kiri lófuurufú ni. Ooru ló jó èèpo rẹ̀ dúdú bó ṣe ń já bọ̀. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n: òmíràn jẹ́ kìkì irin, òmíràn jẹ́ irin àti òkúta ní àdàlù, tiyín jẹ́ olókùúta. Ẹ wo àwọn hóró roboto ibi tó sán yìí. Àwọn ló jẹ́ ká máa pè é ní kọ́ńdíríìtì."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?" ni Barnabé bi í. "Mo fẹ́ mọ ohun tí mo fún ọmọ mi mu."

"Èròjà òkúta tí wọ́n ń pè ní ólífíìnì àti pírósẹ́ẹ̀nì, tó wà nínú òkúta ayé yìí náà. Irin díẹ̀ pẹ̀lú nikẹ́ẹ̀lì, irin funfun kan, tún wà níbẹ̀. Bí irin bá ṣe pọ̀ tó la fi ń mọ ẹgbẹ́ tí kọ́ńdíríìtì kan wà. Ṣùgbọ́n omi ti jẹ́ kí irin tiyín dípẹtà. Yóò ṣòro ká tó mọ ẹgbẹ́ rẹ̀."

"Kò sí oògùn kankan níbẹ̀?"

"Kò sí, ẹ̀gbọ́n."

Lẹ́yìnkùlé, Marguerite pe Wùmí lẹ́ẹ̀mejì, kó tó rántí, ó wá lọ fọwọ́ kàn án léjìká. Bàbá Kàsúmù ti ní àmúwá Ọlọ́run ni. Irọ́ ni. Barnabé mọ ẹni tó ní kí wọ́n fún un lómi sí i, ọ̀rọ̀ náà sì korò lọ́kàn rẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí òkúta bá já láti òkè, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má rẹ ẹ́. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tó já sí sílẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́. Bí ara ọmọ bá sì gbóná, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹnu yòówù kó sọ pé kẹ́ ẹ dúró. Etí tó gbọ́ àlọ ló yẹ kó gbọ́ àbọ̀. Etí Wùmí ló kọ́kọ́ gbọ́ òkúta yẹn. Nígbà tí wọ́n ń sọ ohun tó jẹ́, kò gbọ́.