Ọmọláńgidi Tí Fàáya Ò Rí Fà Ya

Bíńtín jí ní Ọjọ́bọ̀, ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀.

Ẹtì. Àbámẹ́ta. Àìkú. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé ni Bíńtín máa bẹ̀rẹ̀ iléèwé.

Aṣọ iléèwé rẹ̀ ti wà lára ògiri. Bàtà rẹ̀ ti wà lábẹ́ ibùsùn. Gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́. Bíńtín nìkan ni kò tíì wà ní sẹpẹ́.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìdí rẹ̀? Àbúrò rẹ̀ ni.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún kan ni. Eyín mẹ́rin péré ló ní. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tẹ̀, á fà á. Ohun tó bá sì ti fà, á ya.

Ìwé? Fàáà. Ó ti ya.

Kọ́tìnnì? Fàáà. Ó ti ya.

Fìlà bàbá wọn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ ti fìlà.

Ni gbogbo ilé bá ń pè é ní Fàáya.

Kò sí ẹni tí Fàáya fẹ́ràn tó Bíńtín. Bí Bíńtín bá jókòó, á jókòó tì í. Bí Bíńtín bá dìde, á dìde. Bí Bíńtín bá wọ ilé ìwẹ̀, Fàáya á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á la ẹnu sókè.

"Wáààà!"

Kò sì ní dákẹ́, àfi tí Bíńtín bá jáde.

Bíńtín lọ bá Màmá Àgbà, ìyá bàbá wọn. Aránṣọ ni Màmá Àgbà. Yàrá iwájú ilé ló ti ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúdú, ó ní ọwọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n máa ń yí. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, bẹ́ẹ̀ ló máa ń dún.

"Màmá Àgbà, mi ò lọ iléèwé mọ́."

Màmá Àgbà dá ẹ̀rọ dúró. "Kí ló dé, ọkọ mi?"

"Tí mo bá lọ, Fàáya á sunkún. Á sunkún títí ọ̀fun ẹ̀ á fi gbẹ. Mi ò sì ní sí nílé láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Omijé ti lé ròrò sí Bíńtín lójú.

Màmá Àgbà ò fi í ṣẹ̀sín. Ó fà á mọ́ra, ó nu ojú rẹ̀. "Kí la lè fún un kó máa dì mú títí wàá fi dé?"

Bíńtín ronú. Ó ronú gan-an.

"Ọmọláńgidi," ó ní. "Ọmọláńgidi aṣọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mú pẹ́ńsùlù wá."

Bíńtín ya ọmọláńgidi sórí ìwé. Ó ya orí roboto. Ó ya ọrùn tín-ín-rín. Ó ya apá gígùn àti ẹsẹ̀ gígùn. Ó rẹwà lójú rẹ̀.

Màmá Àgbà wo ọrùn náà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Wọ́n gé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ní òdòdó. Wọ́n rán an. Wọ́n ki fóòmù wẹ́wẹ́ sí i nínú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọláńgidi ti délẹ̀.

Fàáya rí i. Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ. Ó di ọmọláńgidi lọ́rùn mú.

Fàáà.

Orí wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ara wà lọ́wọ́ òsì. Fóòmù wẹ́wẹ́ kún ilẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n tu adìyẹ níyẹ̀ẹ́.

Fàáya wo orí. Ó wo ara. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Bíńtín ò lè rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó tún ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Màmá Àgbà gbé téèpù kọ́ Bíńtín lọ́rùn. Téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ni. Ó gùn débi pé ó ń wọ́ nílẹ̀.

"Ta lo fẹ́ rán ọmọláńgidi yìí fún?"

"Fàáya ni."

"Ṣé o wọ̀n ọ́n?"

Bíńtín mi orí. Kò wọ̀n ọ́n.

"Aránṣọ kì í gé aṣọ láìwọn ẹni tó ni ín," ni Màmá Àgbà wí. "Lọ wọn oníbàárà rẹ."

Bíńtín lọ wọn oníbàárà rẹ̀. Ó wọn ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ kékeré bí àkàrà òyìnbó. Ó fẹ́ wọn apá rẹ̀. Oníbàárà di téèpù mú.

Fàáya fa téèpù. Bíńtín fa téèpù. Fàáya fà. Bíńtín fà. Ọlọ́run ló kó téèpù yọ.

Bíńtín wá jókòó jẹ́ẹ́, ó ń fi ojú wọ̀n ọ́n. Ó ń wo gbogbo ohun tí oníbàárà rẹ̀ ń ṣe.

Fàáya mú ṣíbí. Ibi tó tín-ín-rín lára ṣíbí ló dì mú.

"Hẹn-ẹ́n," ni Bíńtín wí. "Kò gbọdọ̀ sí ibi tó tín-ín-rín."

Fàáya rí kọ́bọ̀ kan tó ń dán nílẹ̀. Ẹnu ló fẹ́ fi sí. Bíńtín tètè gbà á.

"Hẹn-ẹ́n. Kò gbọdọ̀ sí ohun tó ń dán."

Oorun bẹ̀rẹ̀ sí í kun Fàáya. Ó gbé orí lé Bíńtín lẹ́sẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè, ó di etí Bíńtín mú. Bó ṣe máa ń sùn nìyẹn.

Bíńtín rọra mú pẹ́ńsùlù. "Ó gbọ́dọ̀ ní etí," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Etí gígùn méjì."

Ọmọláńgidi kejì ò jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Orí àti ara jẹ́ ọ̀kan. Apá rẹ̀ kúrú, ó sì ki. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó sì ki. Etí rẹ̀ gùn.

Màmá Àgbà yí ìwé náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Kò lọ́rùn."

"Fàáya ò lè fa ohun tí kò sí," ni Bíńtín dáhùn.

"Ọmọ yìí gbọ́n jù mí lọ," ni Màmá Àgbà wí.

Wọ́n wá aṣọ tó lágbára. Wọ́n rí ṣòkòtò jíǹsì bàbá wọn.

"Ẹ mú un," ni bàbá wọn wí, ó fọwọ́ pa ikùn. "Èmi àti ẹ̀ ò gba ara wa mọ́."

Wọ́n ṣẹ́ ṣòkòtò po sí méjì. Bíńtín fi ṣọ́ọ̀kì ya ọmọláńgidi sórí rẹ̀. Màmá Àgbà mú sísọ́ọ̀sì. Ṣẹ́kẹ́. Ṣẹ́kẹ́. Ṣẹ́kẹ́.

Aṣọ wá di méjì, méjèèjì bára wọn mu. Wọ́n gbé ọ̀kan lé èkejì, ojú kọ ojú, ẹ̀yìn wà níta.

"Bá mi yí ẹ̀rọ," ni Màmá Àgbà wí. Òun fúnra rẹ̀ ń darí aṣọ.

Bíńtín yí i. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Wọ́n rán etí. Wọ́n rán apá. Wọ́n rán ẹsẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká rán an lẹ́ẹ̀mejì, Màmá Àgbà. Fàáya ni o."

"Òótọ́ ni. Fàáya ni."

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹ̀rọ dùn ún yí. Wọ́n rán an yípo. Wọ́n tún rán an yípo.

"Ó yá," ni Màmá Àgbà wí. "Yí inú rẹ̀ síta, ká ki fóòmù sí i."

Bíńtín wá ibi tí yóò gbà. Ó wo ẹ̀gbẹ́. Kò sí ihò. Ó wo ìsàlẹ̀. Kò sí ihò. Ó wo abẹ́ apá.

"Màmá Àgbà, ibo la máa gbà?"

Màmá Àgbà ti ìgò ojú rẹ̀ sókè. Ó wò ó sókè. Ó wò ó sísàlẹ̀.

"Háà. A ti rán gbogbo rẹ̀ pa."

Wọ́n wo ara wọn.

"Ogójì ọdún," ni Màmá Àgbà wí, "ogójì ọdún ni mo ti wà nídìí ẹ̀rọ. Òní ni mo kọ́ ilé tí kò ní ilẹ̀kùn."

Ni ẹ̀rín bá pa wọ́n. Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Fàáya náà bá wọn rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n jókòó, wọ́n ń tú u. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀. Òwú kan. Òwú kan sí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kékeré sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò ju ìka mẹ́ta lọ.

Bíńtín ti ọwọ́ bọ inú ilẹ̀kùn náà. Ó fa ẹsẹ̀ kan jáde. Ó fa ẹsẹ̀ kejì. Ó fa apá méjèèjì. Ṣùgbọ́n etí há. Etí ò fẹ́ jáde.

Bíńtín fi ìdí pẹ́ńsùlù tì í.

Pọ̀ọ́. Etí kan.

Pọ̀ọ́. Etí kejì.

Ó kù kí wọ́n ki fóòmù sí i. Wọ́n ti tú ìrọ̀rí àtijọ́ kan. Ki etí. Ki apá. Ki ẹsẹ̀. Ki ikùn, ki ikùn, ki ikùn. Ọmọláńgidi yó bí ẹni tó jẹun méjì.

Màmá Àgbà rán ilẹ̀kùn náà pa. Ó tọ́ kó rán an pa wàyí.

Bíńtín ṣí agolo bọ́tìnnì. Ó ṣa bọ́tìnnì méjì tó ń dán gbinrin. "Ojú rẹ̀ rèé."

Ó wo bọ́tìnnì. Ó wo Fàáya. Fàáya náà ń wo bọ́tìnnì, ẹnu rẹ̀ ti là.

Bíńtín dá bọ́tìnnì padà sínú agolo. Ó dé e dáadáa.

Màmá Àgbà fi òwú dúdú rán ojú. Bíńtín fi òwú pupa rán ẹnu fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ìka sẹ́nu. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu náà wọ́ díẹ̀. Ó jọ ti ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, tí kò tíì dá a lójú.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Màmá Àgbà wí, ó sì dára lóòótọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n dán an wò.

Ìyá wọn fọ̀ ọ́ nínú bàsíà. Ó fún un, ó lọ́ ọ pọ̀. Kò ya.

Wọ́n sá a sórí okùn. Ó já bọ́, gbì. Kò ya.

Bàbá wọn jókòó lé e lórí, kò tiẹ̀ mọ̀. Kò ya.

Wọ́n wá gbé e fún Fàáya. Gbogbo ilé ń wò ó.

Fàáya wá ọrùn. Kò rí ọrùn. Ó di etí mú, ó fà á.

Kò ya.

Ó di apá mú, ó fà á.

Kò ya.

Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tì í, ó fà á títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

Kò ya.

Fàáya wo ọmọláńgidi bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Lẹ́yìn náà, ó gbé e há abíyá, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Bíńtín ò pàtẹ́wọ́. Ọ̀la lẹ̀rù rẹ̀ ń bà á.

Ọ̀la dé.

Bíńtín wọ aṣọ iléèwé. Ó wọ bàtà. Ìyá wọn di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà.

Fàáya dúró, ó ń wo bàtà náà. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Bíńtín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé ọmọláńgidi lé e lọ́wọ́. "Dì í mú. Mò ń bọ̀."

Ó jáde. Ó rin ìṣísẹ̀ kan. Ó rin méjì. Ó gbọ́ ọ lẹ́yìn.

"Wáààà!"

Ọkàn Bíńtín já. Ó fẹ́ padà. Ìyá rẹ̀ rọra fún ọwọ́ rẹ̀. "Jẹ́ ká lọ, ọmọ mi. Màmá Àgbà wà ńbẹ̀."

Bíńtín lọ. Ó kọrin níléèwé. Ó ya ilé, ó ya oòrùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ló ń bi ara rẹ̀ pé, ṣé ó ṣì ń sunkún?

Nígbà tí wọ́n jáde, Bíńtín sáré. Ó sáré títí dé ilé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dẹ etí.

Ilé dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ẹ káàsán, Màmá Àgbà. Ṣé ó sunkún?"

"Káàbọ̀, ọkọ mi. Ó sunkún."

Ojú Bíńtín rẹ̀wẹ̀sì.

"Ó sunkún díẹ̀," ni Màmá Àgbà wí. "Ló bá di etí ọmọláńgidi mú, ó dákẹ́. Ó fà á yí gbogbo ilé ká. Ó fún un lóúnjẹ. Ó bá a jà. Ó di etí ẹ̀ mú, ó sùn."

Bíńtín yọjú sínú yàrá. Fàáya ti jí. Ó jókòó sílẹ̀, ọmọláńgidi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti dọ̀tí. Itọ́ ti kún ojú rẹ̀. Kò ya.

Fàáya gbójú sókè. Ó rí Bíńtín.

Ó ju ọmọláńgidi sílẹ̀, gbì. Ó dìde. Ó ta gẹ́gẹ́. Ó ṣubú. Ó tún dìde. Ó wá já lu Bíńtín láyà, ó sì rọ̀ mọ́ ọn.

Bíńtín jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iléèwé lára. Ó gbé àbúrò rẹ̀ lé itan.

"Lọ́la, màá tún lọ," ó sọ fún un. "Màá sì tún padà wá."