Ẹni Tó Ń Tẹ Apá Òsì

Kì í ṣe àlọ́ lèyí. Ilé tó ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà ní àdúgbò N'Gattakro ní Bouaké, wọ́n ṣì ń gbé inú rẹ̀, dùùrù oníná ibẹ̀ ò sì tíì kúrò nídìí ògiri tó wà.

"Màmá, ta ló ń bá yín tẹ apá òsì?"

Aaliyah ló bèèrè, ọmọ ọdún mẹ́fà, lẹ́yìn ìrun Màgàríbì. Sèfíyátù ìyá rẹ̀ dáwọ́ dúró lórí dùùrù. Ó wo Tàjúdínì, bàbá ọmọ. Tàjúdínì wo ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń gbọ́ ọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni Sèfíyátù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dùùrù. Láti kékeré ló ti ń wù ú, láti ìgbà tó máa ń dúró lẹ́bàá fèrèsé ilé kan ní àdúgbò Gonfreville, tí obìnrin kan máa ń tẹ̀ ẹ́ nínú ilé. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí Sèfíyátù. Ìyá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, fi ọ̀já di ọwọ́ náà mọ́ ọn lára, kó má baà fi jẹun, kó má baà na án sí àgbà. Ọwọ́ náà gbọ́ràn. Ó gbọ́ràn débi pé orí itan ló ń wà títí dòní.

Sọ̀fíyù tó ń kọ́ ọ ní dùùrù, ọmọ Ànàgó, ìyẹn Yorùbá, tí wọ́n bí sí Bouaké níbí, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Tantí, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ẹ jí òsì yín lójú oorun."

Sèfíyátù á rẹ́rìn-ín. Òsì ò ní kúrò lórí itan.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ẹ̀kọ́ náà, bó bá ti ń fi ọ̀tún tẹ orin rẹ̀, ohùn ńlá ti ìsàlẹ̀, ti apá òsì dùùrù, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Jẹ́jẹ́. Kì í ṣì í. Lọ́jọ́ kan, Tàjúdínì yọ wáyà kúrò lára iná. Ohùn tí Sèfíyátù ń tẹ̀ pa. Ti ìsàlẹ̀ ò pa.

Tàjúdínì ní kí àwọn gbé e jù nù. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sì ki wáyà náà padà.

Àmọ́ ọmọ ló ń já wọn láyà. Ọlọ́wọ́ òsì ni Aaliyah náà. Látìgbà tó ti wọ ilé-ìwé ni ìyá rẹ̀ ti ń bọ ìbọ̀sẹ̀ sí ọwọ́ náà fún un. Kò nà án rí. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é, bí wọ́n ṣe ṣe é fún òun. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ti dún, ọwọ́ inú ìbọ̀sẹ̀ á tutù bí omi àmù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Ní ìrọ̀lẹ́ tó bèèrè ìbéèrè yìí, àwọn ìka náà ò ká mọ́.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá, Màmá. Ó dà bíi pé kò sí níbẹ̀ ni."

Sèfíyátù bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà. Ó ki ọwọ́ ọmọ sí àyà ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé òsì tirẹ̀ kúrò lórí itan, tó gbé e lé apá ìsàlẹ̀ dùùrù. Ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí àga tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Kò tẹ nǹkan kan. Ohùn ìsàlẹ̀ tó ṣì ń dún dákẹ́.

Aaliyah ká ìka òsì rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí wọ́n tó sùn, ó fi ọwọ́ náà ya adìẹ sínú ìwé. Bàbá rẹ̀ ní adìẹ yìí sanra ju gbogbo ti ọjà lọ. Ó yọ wáyà dùùrù, ó ká a, ó gbé e pamọ́.

Wọ́n paná. Aaliyah sùn.

Ìgbà náà ni dùùrù dún ní pálọ̀. Apá ọ̀tún nìkan ni lọ́tẹ̀ yìí, orin tí Sèfíyátù mọ̀. Ó dé ibi tó yẹ kí òsì ti gbà á. Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún dúró níbẹ̀, bí ẹni ń retí ẹnìkan.

Lábẹ́ aṣọ ìbora, àwọn ìka òsì Sèfíyátù bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn lórí ẹní. Ó na ọ̀tún láti dì wọ́n mú. Ó rántí ọ̀já. Ó fi wọ́n sílẹ̀.

Tàjúdínì ti ń hanrun. Nígbà tó yá, oorun gbé Sèfíyátù náà lọ. Àwọn ìka náà ò tíì dúró.