Téèpù Tí Oòrùn Ò Lè Pa

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, nínú oṣù kejì ọdún 2002. Doyinsọ́lá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì sí apáátímẹ́ǹtì rẹ̀ ní àdúgbò Brays Oaks lókè òkun, ó sì bá iṣẹ́ ibi ní bákónì. Wọ́n ti fọ́ kásẹ́ẹ̀tì fíìmù rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n fa téèpù inú wọn jáde, wọ́n sá a sí oòrùn bí ẹni sá èlùbọ́.

Màmá rẹ̀ ló ṣeré nínú fíìmù náà. Kò tíì ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ tí wọ́n sin ín.

“Ẹ̀dà mìíràn ò sí,” ló ń sọ fún Bíyìí, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá. Ẹkún ti gba ohùn rẹ̀. “Ta ló máa bá mi jí màmá mi kí wọ́n wá tún un ṣe?”

Bíyìí fọwọ́ kan téèpù náà. Ó tutù, nítorí oòrùn ọjọ́ náà mọ́lẹ̀ ni, kò mú. Wọn ò gé e, wọn ò jó o. Ọ̀bàyéjẹ́ wo ló ń ṣe jẹ́jẹ́ báyìí? Ẹni méjì péré ló tún ní kọ́kọ́rọ́ ilé, Bíyìí sì ránṣẹ́ pè wọ́n. Gbogbo ohun tó sọ fún wọn ni pé téèpù ti bàjẹ́.

Fúnṣọ́, tó fi kámẹ́rà dígítà tuntun ya eré náà, ló kọ́kọ́ wọlé.

“Ah! Dem cut am? Àbí wọ́n fi magnet sí i? If it's water, ẹ jẹ́ kí n tètè gbẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, let me see it!”

Bàbá Mákánjúọlá tẹ̀ lé e. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ya fíìmù inú agolo kí kámẹ́rà kékeré yìí tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

“Ẹni tí wọ́n bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀,” ni wọ́n wí. “Àmọ́ àánú ọmọ yẹn ṣe mí. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wọ̀, kò ní àtúnṣe.”

“Bàbá, ta ló dárúkọ ìmọ́lẹ̀ fún yín?” ni Bíyìí bèèrè.

Bàbá bojú wo bákónì.

“Fúnṣọ́ bèèrè omi, ó bèèrè magnet. Kò bèèrè oòrùn, torí ó mọ̀ pé oòrùn ò pa téèpù tiẹ̀ lára. Fíìmù inú agolo ni ìmọ́lẹ̀ ń pa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń paná kẹ́ ẹ tó ṣí agolo fíìmù láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbà pé oòrùn ti tó láti bà á jẹ́.”

Omijé bọ́ lójú Bàbá. “Wọ́n gbaṣẹ́ mi, wọn ò tiẹ̀ pè mí kí n wá wòran.”

Ní gbogbo ìgbà yìí, Fúnṣọ́ ń fi sùúrù ká téèpù sínú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ó tẹ bọ́tìnì. Màmá Doyinsọ́lá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti rù hangogo. Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ eré, wọ́n ń wo ẹ̀yìn kámẹ́rà.

“Doyin, Mákánjúọlá dà? Ẹ pè é wá. Òun ló mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bá ojú mi mu.”

“Wọn ò ráyè, Mummy,” ni ohùn Doyinsọ́lá dáhùn nínú téèpù.

Irọ́ ni. Doyinsọ́lá ò lè gbójú sókè wo Bàbá mọ́.

Bàbá na ọwọ́ méjèèjì sí Bíyìí kó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí wọn, ṣùgbọ́n ojú wọn ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́,” ni wọ́n wí, “ẹ jẹ́ kí n wò ó tán ká tó lọ.”