Adéjọkẹ́, Má Jó Epo Yẹn Mọ́

Gbàgà! Àwo ti tún fọ́ ní àgbàlá wa ládùúgbò Agbalépédogan. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú ni. Ọmọlará, ọmọ ọdún márùn-ún, ti tún kọlu àga.

"Ṣé ẹ̀yìn orí lojú ẹ wà ni?" Adéjọkẹ́ ìyá rẹ̀ fọ́ ọ létí.

Ó ti sú èmi alájọgbé wọn. Ọmọ tó ń bá mi ṣa òkúta inú ìrẹsì lọ́sàn-án ló ń fọwọ́ wá ògiri kiri nírọ̀lẹ́!

"Adéjọkẹ́, ọmọ yìí ò ríran tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Gbé e lọ sí dìsìpáńsà, kí nọ́ọ̀sì wò ó."

"Ìyá Àlíyù, ẹ má gbè é lẹ́yìn. Ìwà jágbajàgba ló ń dà á láàmú."

Ìwà jágbajàgba! Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fa ọmọ lọ́wọ́, mo mú ọ̀nà dìsìpáńsà pọ̀n. Ìyá rẹ̀ ń kùn bọ̀ lẹ́yìn.

Véronique, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Kétu, yẹ ojú ọmọ náà wò. "Màmá, kí ló máa ń jẹ?"

"Ìrẹsì, ẹ̀kọ àkàsà, ọbẹ̀ ata," ni Adéjọkẹ́ dáhùn. " Epo ò sì wọ́n nínú ọbẹ̀ mi."

"Epo pupa?"

"Háà, rárá o! Mo máa ń jó o lórí iná títí á fi funfun ni. Bàbá ẹ̀ ò fẹ́ kí epo pupa kán sí aṣọ búbù òun."

"Ẹ̀fọ́ gbọmà ńkọ́?"

"Bàbá ẹ̀ ní ewúrẹ́ ló ń jewé."

Mo káwọ́ lérí. Bàbá ẹ̀, bàbá ẹ̀!

"Màmá, ohun tó mú epo pọ́n gan-an loúnjẹ ojú," ni Véronique wí. "Òun ló ń di fítámì A lára. Tẹ́ ẹ bá jó epo báyẹn, ẹ ti sun ún dànù. Ojú tí ò ríran nírọ̀lẹ́ lónìí lè fọ́ pátápátá tó bá yá."

Adéjọkẹ́ bú sẹ́kún. "Mo sì ń nà án."

Wọ́n fún ọmọ náà ní fítámì A lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kí Adéjọkẹ́ tún gbé e padà wá.

Nírọ̀lẹ́, Bùsàrí ọkọ Adéjọkẹ́ ṣí ìkòkò. "Kí ló dé tí ọbẹ̀ pọ́n báyìí? Búbù mi ńkọ́?"

Adéjọkẹ́ ju ọṣẹ sí i lẹ́sẹ̀. "Ọṣẹ á yọ epo lára búbù. Ọṣẹ wo ló máa la ojú ọmọ ẹ tó bá fọ́?"

Bùsàrí jókòó, ó jẹun. Ọmọlará náà jẹ ọbẹ̀ pupa àti gbọmà, lọ́jọ́ yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀. Lánàá, nígbà tílẹ̀ ń ṣú, ó gbé àwo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Mo dúró kí n gbọ́ gbàgà. N ò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, a ti sọ ọ́ títí. Ẹ yéé jó epo títí á fi funfun. Ẹ fún ọmọ ní ẹ̀fọ́, máńgòrò tó pọ́n, kárọ́ọ̀tì, àti ẹyin bó bá wà. Ẹ má ra oògùn ojú lójú títì. Ọmọ tó bá sì ń kọsẹ̀ kiri nírọ̀lẹ́, ẹ má nà án: dìsìpáńsà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.