Máàkì Mẹ́rin Nínú Mẹ́wàá

Bí alángbá ni ọmọbìnrin náà ń mi orí. Ohun tí Láníyì kọ́kọ́ rí nìyẹn. Ibùdókọ̀ ojú irin Idu, ní olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, kún fọ́fọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ Kaduna ti pẹ́, gbogbo èèyàn ń ráhùn. Ọmọbìnrin yìí ní tirẹ̀ jókòó lórí àpò ẹrù, híjáàbù aláwọ̀ àyìnrín lórí, ó di ojú pinpin, orí ń lọ sókè sódò. Ìyá arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti ń ka Ayatul Kursiyyu sí i lórí.

Láníyì sún mọ́ ọn. Ó gbọ́ gìtá tó ń jáde fínnífínní láti inú íápíìsì rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fò sókè. Rẹ́kọ́ọ̀dù tiwọn ni! Èyí tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó rò pé àwọn ẹbí wọn nìkan ló mọ̀ pé ó wà láyé.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, orin wo lẹ ń gbọ́ tó dùn tó báyìí?"

Ọmọbìnrin náà yọ ọ̀kan létí. "Ta ló sọ fún yín pé ó dùn? Ìgbà kẹta rèé tí mò ń gbọ́ ọ. Mi ò kì í fún ohun tí mi ò tíì gbọ́ dópin ní máàkì."

"Máàkì kẹ̀?"

Bí àlàyé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Hikmah lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin ni, físíìsì ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Lokogoma. Àmọ́ tó bá di Sátidé, a máa sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Yorùbá pọ́ńbélé, nípa rọ́ọ̀kì àti mẹ́tàlì, àwọn orin onígìtá líle tí wọ́n ń fi igbe kọ. Yóò tú rẹ́kọ́ọ̀dù palẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, yóò sì fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá. Àwọn tó ń gbọ́ ọ pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Yorùbá tó fẹ́ràn ariwo kò lè tán láyé.

"Mélòó lẹ wá máa fún èyí?" Láníyì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mẹ́rin. Onílù wọn mọṣẹ́, gìtá náà ò burú. Ẹni tó ń kọrin ni wàhálà. Kai! Bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nínú òjò. Orin tó gbẹ̀yìn nìkan ló yọ wọ́n, ibi tí ò ti pariwo, tó rọra ń kọ ọ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún."

Láníyì nàka sí àyà ara rẹ̀. "Èmi ni ewúrẹ́ náà."

Hikmah fi híjáàbù bo ojú. "Wallahi, mi ò mọ̀. Ẹ má bínú."

"Ṣé ẹ máa wá gbé e sí márùn-ún, nígbà tẹ́ ẹ ti rí mi?"

Ó ṣí ojú kan. Ó wo ọkùnrin náà látòkè délẹ̀: ó ga, ó dúdú, ọ̀dà ọkọ̀ pupa ṣì há sábẹ́ èékánná rẹ̀. "Ẹ rẹwà lóòótọ́," ó ní, "àmọ́ etí ni mo fi ń fúnni ní máàkì, kì í ṣe ojú."

Ẹ̀rín pa Láníyì. Kí ọkọ̀ tó dé, ó ti gba nọ́ńbà rẹ̀. Kí wọ́n tó dé Kaduna, ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá nọ́ńbà.

Ìfẹ́ wọn ò falẹ̀ rárá. Apo, nínú ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ni Láníyì ti ń kun ọkọ̀. Ọjọ́ Sunday ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi orin dánra wò nínú yàrá kan ní Idu. Hikmah a máa wá jókòó tì wọ́n. Kọ́tìnnì tí kò tà ni wọ́n fi bo gbogbo ògiri kí ariwo má baà jáde. Ìyá Láníyì, Alhaja Àlímátù, tó ń ta kọ́tìnnì lọ́jà Utako, ló kó wọn fún ọmọ rẹ̀.

"Ewúrẹ́ mi, rọra ké," Hikmah á wí.

"Adájọ́ mi, mo ti gbọ́."

Lọ́jọ́ kan Hikmah bi í léèrè ibi tó ti rí orin tó gbẹ̀yìn yẹn. "Ẹnìkan ló máa ń kọ ọ́ fún mi ní kékeré," Láníyì fèsì, ó sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. Ojú ń tì í. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Hikmah sọ̀rọ̀ lórí rẹ́kọ́ọ̀dù náà, mẹ́rin náà ló sì fún un.

Nígbà tó yá, Láníyì mú un lọ han ìyá rẹ̀. Alhaja gbà wọ́n tọwọ́-tẹsẹ̀, ó gbé àga, ó gbé omi. Hikmah kúnlẹ̀. "Ẹ kú ilé mà. Ẹ kú àlejò wa."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Alhaja. "Tún ẹnu yẹn ṣí. Ohùn yìí… Ìwọ kọ́ lo pe ọmọ mi ní ewúrẹ́?"

Ẹnìkan ló ti gé ibi ewúrẹ́ nìkan nínú ọ̀rọ̀ Hikmah, tó jù ú sórí wásáàpù. Ó rìn títí ó fi dé ṣọ́ọ̀bù Alhaja nínú fóònù oníbàárà kan, wọ́n sì rẹ́rìn-ín lójú ìyá tó ti sọ fún gbogbo ọjà pé olórin ńlá lọmọ òun. Ọ̀rọ̀ náà dun obìnrin yìí wọra, mi ò sì lè bá a wí.

"Padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ," Alhaja ní. "Sọ pé àṣìṣe ni. Fún un ní mẹ́sàn-án. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ ni n óò lọ bá àwọn òbí rẹ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, o ò lè fẹ́ ọmọ mi."

Bí wọ́n ṣe jáde, Láníyì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìfẹ́ mi, sọ pé méje. Abeg. Ta ló máa mọ̀?"

Omijé bọ́ lójú Hikmah. "Èmi máa mọ̀. Láníyì, tí mo bá parọ́ lónìí torí ìgbéyàwó, lọ́la tí mo bá ní mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, báwo lo ṣe máa gbà mí gbọ́?"

Ìbínú ló gbé Láníyì lọ. Àwọn tó ń dúró de Hikmah ní Sátidé dúró títí, wọn ò gbọ́ nǹkan. Ní Apo, Láníyì kun ọkọ̀ tí wọ́n ní kó kùn ní dúdú ní funfun báláú, díẹ̀ ló kù kí ọlọ́kọ̀ fún un lọ́rùn. Àwọn méjèèjì ń jìyà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ pe ẹnìkejì.

Èrò kan ló wá sọ sí Hikmah lọ́kàn níwájú pátákó ìkọ̀wé: ṣé Alhaja tó ń jà lórí orin yìí ti gbọ́ ọ rí? Bí wọ́n ṣe jáde nílé ẹ̀kọ́, ó gbé íápíìsì ńlá rẹ̀, ó di Utako.

"Ẹ kú ọjà mà."

"Ṣé o ti sọ ọ́?"

"Rárá mà. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Láníyì dópin. Lẹ́yìn náà, tẹ́ ẹ bá ní kí n máa lọ, màá lọ."

Alhaja wojú rẹ̀, ó gba íápíìsì. Nígbà tí orin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó fò dìde. Ní ìkejì, ó di àyà mú: "Lá iláhà illallah! Ta ló ń lu ọmọ mi?" Hikmah bu ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà bọ́. Àmọ́ abiyamọ ni Alhaja, kò yọ ọ́ létí.

Nígbà tó kan orin tó gbẹ̀yìn, ó jókòó padà. "Iná ń bọ̀, Àjàní, má sunkún mọ́, iná ń bọ̀ wá." Òun fúnra rẹ̀ ló fi Àjàní, oríkì Láníyì, dá orin yìí nígbà tí gbogbo wọn wà nínú yàrá kan, tí wọ́n mú iná lọ, tí ooru ò jẹ́ kí ọmọ sùn, tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò mọ̀ pé ọmọ náà rántí. Ó bú sẹ́kún.

Hikmah wá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lódindi sí i fún un. Ewúrẹ́ kọjá, ohùn Hikmah sì ń bá a lọ: "Ṣùgbọ́n ẹ dúró de orin tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó kọ́ ọmọkùnrin yìí lórin yìí, òun ló ni máàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níbikíbi tó bá wà, mo kí i."

Alhaja fi etí kọ́tìnnì nu ojú. "Mẹ́rin lo fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"O ṣàánú ẹ̀. Tí kì í bá ṣe orin tèmi, òdo ni n bá fún un!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú. Alhaja tẹ fóònù. "Láníyì, ìwọ ewúrẹ́, máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó rẹ wà níbí."

Láníyì sáré dé tòun ti ọ̀dà lórí irun. "Mo ní kó o parọ́ fún mi," ó ní. "Mo jẹ̀bi, dákun."

"Adájọ́ ti dárí jì ọ́. Má ṣe é mọ́."

Ilé bàbá Hikmah ní Lokogoma ni wọ́n ti so yìgì. Lẹ́yìn àdúrà, Alhaja dìde, ó gba makirofóònù. "Hikmah, ìwọ tí o kì í parọ́, sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Máàkì mélòó lo fún ọmọ mi, gẹ́gẹ́ bí ọkọ?"

Láníyì di ojú.

Hikmah wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Mọ̀ọ́mì, ẹ ṣáà mọ òfin mi. Mi ò kì í fún ohun tí mi ò tíì gbọ́ dópin ní máàkì."

Alhaja gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó tètè parí o."

"Àmín," ni gbogbo ilé dáhùn, ohùn Láníyì sì ròkè ju ti gbogbo wọn lọ.